Yàrá Ẹnu Ọ̀nà

Ìbíwùmí bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọn kò tíì kọ́. Ilẹ̀ gbalasa ni ibẹ̀ ṣì jẹ́, koríko àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti fa ògiri sókè láti igun kan dé ìkejì, ó ti la ilẹ̀kùn, ó ti na òrùlé bo gbogbo rẹ̀, ilé náà sì ga gẹ́lẹ́ bí yóò ṣe ga lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Obìnrin náà tẹrí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá a lórí. Àtẹ́rígbà tí ọwọ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń lé èéfín! Síbẹ̀ ó tẹrí ba.

Ìyáàfin Morádékẹ́ kò ní àsìkò fún irú eré bẹ́ẹ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ibùgbé tó wá bá a yẹ pílánù wò. Láti ibi tó ti ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ níta, ó gba inú ògiri pálọ̀ wọlé wẹ́rẹ́, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ọ̀nà wà o," ni Ìbíwùmí wí.

"Màámi, ìmọ́lẹ̀ lásán ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà padà, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ilé mi ni."

Morádékẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó gba inú ògiri kan náà jáde, ó yí po, ó sì bọ́ bàtà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá náà kí ó tó wọlé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ti rí bàbá tó fi ìgbálẹ̀ gbá ilé ìmọ́lẹ̀, ó ti la tọkọtaya níjà nínú kíṣíìnì tí kò sí. Èyí tí kò fẹ́ràn nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ tó gbé e wá láàárọ̀ yìí, ìyẹn ilé tí yàrá kan nínú rẹ̀ kò ní orúkọ.

Ẹ̀rọ tó ń tan ilé náà kò tóbi ju odó lọ. Ajúwe ni gbogbo ará Òkè-Ìtura ń pè é, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó jẹun yó tí kò sí ohun tó ń lé e.

"Ẹ káàbọ̀ sínú ilé yín," ó ní. "Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́. Òrùlé yóò máa mu oòrùn, yóò sì máa da omi òjò sínú àmù abẹ́ ilé. Bí pílánù bá pé lónìí, ẹ̀rọ amọlé yóò dé ọ̀dọ̀ yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Pílánù kò tíì pé."

"Ó ti tún bẹ̀rẹ̀," ni Ìbíwùmí wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kíṣíìnì."

Nínú kíṣíìnì, ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ní ìgúnpá òun ń kan ògiri. Morádékẹ́ fi ìka fa ìmọ́lẹ̀, ògiri sì sún sẹ́yìn.

"Ìyẹn yóò dín balùwẹ̀ kù," ni Ajúwe wí.

"Kó dín in kù. Ta ló ń jókòó sí balùwẹ̀?"

"Fèrèsé ibí kọjú sí àwọn àgọ́ ìsàlẹ̀ òkè," ni Morádékẹ́ wí. Ó dẹ ohùn díẹ̀. "Ọ̀pọ̀ onílé ló ń ní ká yí i sẹ́yìn, kí ojú àwọn má baà máa rí ìyà ẹlòmíràn nígbà tí àwọn bá ń dáná. Ṣé ká yí tiyín náà?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mò ń wò."

Ojú ọ̀nà náà ló wà lóòótọ́, ó ń lọ́ bọ̀ láti àfonífojì, àgọ́ funfun sì kún ọ̀tún àti òsì rẹ̀ títí dé etí odò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tí òkun lé kúrò nílé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gòkè wá, òkè àpáta tí ìlú náà wà lórí rẹ̀ kò sì lè fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ìbíwùmí náà gbé inú irú àgọ́ yẹn pẹ́ kí ilẹ̀ tó kàn án. Kò bínú sí òfin tó ní kí yàrá kankan má ṣófo. Ohun tó kàn ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí òfin náà fojú fo òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Wọ́n yẹ yàrá tirẹ̀ wò, wọ́n yẹ balùwẹ̀ wò. Nígbà tí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ mọ́, wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí yàrá kékeré kan wà lápá òsì. Ìmọ́lẹ̀ ògiri ibẹ̀ kò funfun bíi ti ìyókù. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tó fẹ́ tán nínú fìtílà.

"Fèrèsé yàrá yìí rẹlẹ̀ jù," ni Ajúwe wí. "Ẹni tó wà níta lè gba ibẹ̀ wọlé."

"Ohun tí mo ṣe fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ni yàrá yìí kì í tètè wọlé. Ọkọ mi sì máa ń tìlẹ̀kùn kí ó lè kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Fèrèsé ló máa ń gbà wọlé, á sì bá oúnjẹ rẹ̀ níbi tí mo bá dé e mọ́lẹ̀ sí."

"Ta ni yóò máa sùn níbí?"

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ yìí kò sí nínú ìwé ìlú kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún."

Ìbíwùmí wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo ibi gbogbo tí kì í ṣe ojú Morádékẹ́.

"Màámi," ni Morádékẹ́ wí, "ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nígbà tí mo wá kẹ́yìn náà nìyí. Mo ti bá yín tọrọ àyè títí, wọ́n ní ó tó. Bí yàrá yìí kò bá ní orúkọ lónìí, ó di ti ìlú. Wọ́n á fi ẹnì kan láti àgọ́ sí i. Ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ mọ bí yàrá ìlú ṣe ń rí."

Ajúwe kò dúró kí wọ́n ní kó ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ dí ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá náà àti pálọ̀, ó la òmíràn sójú títì. Lójú kan náà, yàrá ti bọ́ kúrò lára ilé. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ lè wúkọ́ ní gbogbo òru, onílé kò ní mọ irú ojú tó ní.

"Dá a padà!" Ìbíwùmí pariwo. "Mo ní kí o dá ilẹ̀kùn yẹn padà!"

Morádékẹ́ sáré fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn sì padà síbi tó wà. Ìyá náà ń mí gùlegùle.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìbíwùmí wọlé ọkọ rẹ̀, Ọláògún, ní ìlú etí ọ̀sà tí omi ti bò báyìí, àbíkẹ́yìn ilé náà jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìyàwó tuntun. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ṣòkòtò wọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun báláú, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ṣe rí orúkọ tí yóò máa pè é. Ó ṣáà ti bá a nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, kò sì sí bí aya ṣe máa la ẹnu kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bí ọkọ náà tilẹ̀ ń tọ̀ sílé. Ọmọ náà mọ ipò rẹ̀ dáadáa. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, á kọ́ ọwọ́ sẹ́yìn bíi baálé, á ní, "Ìyàwó mi, oúnjẹ dà?" Ìbíwùmí á kúnlẹ̀ kí i, á bu oúnjẹ fún un, á sì nu ikun imú rẹ̀ kúrò.

Ọlọ́run kò fún Ìbíwùmí lọ́mọ. Eyínfúnjowó ló pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ máa wọ́ ilẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di awakọ̀ ojú omi, kò sì sí ibi tí kò mọ̀ lórí ọ̀sà. Lọ́dún tí òkun gun ilẹ̀ wá, òun ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó jáde. Ó sọ̀ wọ́n sí ilẹ̀ gíga, ó sì yí ọkọ̀ padà nítorí àwọn tó ṣì wà lórí òrùlé. "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀," ó ní. Ẹ̀rín rẹ̀ ni Ìbíwùmí rí gbẹ̀yìn kí òjò tó bo ọkọ̀ náà.

Ọláògún náà kò pe orúkọ rẹ̀ fún Ajúwe títí tó fi kú ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. "Kọ́ ilé náà," ó sọ fún aya rẹ̀ lórí àìsàn, "kí yàrá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá ní agbára ẹ̀, pè é. Èmi ò ní in." Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, Ìbíwùmí nìkan ló wá kù tí òfin kà sí ẹbí.

"Ẹ tún bí òfin náà ṣe wí sọ fún mi," ó wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀.

Morádékẹ́ mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Ó ṣáà sọ ọ́. "Ìwé wa mẹ́ta ni. Ti alààyè wà, ti òkú wà, ti ẹni tí à ń retí wà. Ẹni tí à ń retí lè ní yàrá, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní orúkọ kíkún. Ajúwe á gbé ìpè náà dé gbogbo ògiri ìpè, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ ohùn ẹbí wọn tí wọ́n sì ń dáhùn, ní gbogbo ìlú, dé orí omi pàápàá. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá dáhùn, ó ní yàrá. Bí kò bá dáhùn..."

"Ẹ má parí ẹ̀."

"Mi ò ní parí ẹ̀."

"Aya ilé ni mí, Ìyáàfin. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, bí mo bá fẹ́ rán ẹni lọ pè é, màá ní, 'Lọ bá mi pe olówó mi kékeré.' Ṣé ọjọ́ ogbó ni kí n wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

"Màámi, èmi náà lọ́kọ. Mo ní Ìdíìlẹ̀kẹ̀ tèmi, mo ní Akọ̀wé tèmi. Ìdíìlẹ̀kẹ̀ yẹn ti ń bímọ, mi ò pe orúkọ ẹ̀ rí." Morádékẹ́ wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá pípọ́n náà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí koríko tútù. "Àmọ́ ṣé torí ẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"

Nígbà tí Ìbíwùmí máa sọ̀rọ̀, kò lo "ẹ" ti òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Bí mi ò bá pè é, kò tíì kú. Ṣé ó yé ọ? Bí mo bá pè é tí kò dáhùn, ẹnu mi ló pa á. Ẹnu tí mo fi ń fẹ́ oúnjẹ gbígbóná fún un."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti àfonífojì, ó gba inú ògiri kọjá, ó gbé òórùn ẹ̀wà tí wọ́n ń sè nínú àgọ́ wá.

"Ó dára," ni Ìbíwùmí wí lójijì. "Jẹ́ kí n pe èyí tí mo fún un. Bó bá wà níbikíbi, òun á mọ̀ pé èmi ni. Ta tún ni yóò pè é bẹ́ẹ̀?"

Morádékẹ́ ronú sí i. Láti ọjọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan ní òun fẹ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe èèyàn lórí ògiri. "Ajúwe, bó bá jẹ́ orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń pè é, ṣé o lè gbé e?"

"Mo lè gbé ohùn èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ìwé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, kò sí ohun tí mo lè kọ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe wí, Màámi? Kò lè pa á lára."

Ìbíwùmí dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fa ìborí rẹ̀ wá síwájú, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rí. Ó dúró síbi fèrèsé rírẹlẹ̀ náà, ó sì pè jáde láti inú ikùn, bó ṣe máa ń pè é láti etí omi láyé àtijọ́.

"Eyínfúnjowó o! Eyínfúnjowó! Ìyàwó rẹ ló ń pè ọ́ o!"

Ìpè náà lọ. Ìbíwùmí dì mọ́ ìborí rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ti ń fi eyín gé ètè ara òun.

"Ìyàwó wa!"

Ohùn ọkùnrin ni, ó ń gbọ̀n. Ìbíwùmí fò sókè. "Èmi nìyí o! Èmi nìyí!"

"Eyínfúnjowó?"

"Èmi ni! Ìyá Adéníkẹ̀ẹ́, ṣé ẹ̀yin ni? Ibo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

Ìbíwùmí ṣí ẹnu, kò lè pa á dé. Òun kọ́ ni Ìyá Adéníkẹ̀ẹ́. Kí ó tó sọ ọ́, ohùn mìíràn ti wọlé láti Ìdànrè, ó ní, "Ta ló pè mí? Ìyàwó ni àbí?" Ọ̀kan tún sọ̀rọ̀ láti Ṣakí. Ọ̀kan wà lórí ọkọ̀ ẹja, ariwo omi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò lè ní eyín kan lẹ́nu mọ́ ní, "Àwọn ìyàwó ilé wa ti lọ tán pátá. Ta ló tún rántí mi?"

Ìbíwùmí kò ronú kan ìyẹn rí. Ó gbà pé òun lòun ni orúkọ náà, pé òun lòun rí eyín tí òun sì sọ ọ́. Kò wá sí i lọ́kàn pé kò sí agbo-ilé tí ọmọ ẹlẹ́yín funfun kò sí, àti pé ìyàwó kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ìkọ̀ọ̀kan wọn, ó ti wò ó, ó ti rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé àṣìṣe ni. Àwọn kan tọrọ àforíjì. Àwọn kan kàn dákẹ́, ohùn wọn sì ṣá kúrò lára ògiri. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé àwọn ará ilé mi ni." Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sunkún, àmọ́ wọ́n gbọ́ ọ.

Ohùn kan ló kù, ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ ń wá," ó ní. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, ojú mi ni omi ṣe gbé e lọ. Ẹ bá mi pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn obìnrin ò pè é sí mi létí mọ́ láti ìgbà náà."

"Ibo lo wà?"

"Nínú àgọ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè yín níbí. Mo ń rí ìmọ́lẹ̀ ilé yín. Ẹ̀ ń yẹ pílánù wò, àbí?"

Ìbíwùmí bojú wo àfonífojì láti ojú fèrèsé. Kò rí i, àgọ́ ti pọ̀ jù. Ó ṣáà kọjú sí wọn, ó ní, "Eyínfúnjowó."

"Òo," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá náà yíjú sí Morádékẹ́, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

"Ṣé o gbọ́ wọn?" ó ní. "Gbogbo wọn ló dúró sétí ògiri. Wọ́n ti ń retí kí ẹnì kan pe àwọn, àwa ìyàwó pa ẹnu mọ́ nítorí ẹ̀rù. Bí tèmi náà bá dúró síbì kan ńkọ́? Bó bá ń wò ó lójoojúmọ́ pé, 'Ìyàwó mi ò mà pè mí'? Èmi ni mò ń fi í sílẹ̀ lóde. Èmi tí mo ní kí fèrèsé rẹlẹ̀ nítorí rẹ̀."

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí àánú wọn tì yín ṣe ohun tí ẹ ò fẹ́ ṣe."

"Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ mo fẹ́ ẹ."

Ó kúnlẹ̀ kí ó tó pè é. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, bí aya ṣe ń kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọkọ, ó sì sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ kò sọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

"Ẹ má bínú sí mi, olówó mi. Ọlárìnmóyè Àjàní, àbúrò ọkọ mi. Ọlárìnmóyè, níbikíbi tó o bá wà, dá mi lóhùn."

Ajúwe gbé e. Gbogbo ògiri ìpè ní gbogbo ìlú ló tàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sọ pé ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, àwọn tó ń se ẹ̀wà gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí híhó rẹ̀ má baà dí ẹnikẹ́ni létí. Wọ́n retí. Ìbíwùmí kò gbé orí sókè. Òjìji àwọsánmà kan gba orí ilẹ̀ náà kọjá, ó lọ, oòrùn tún yọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa ògiri yàrá náà ń rọ, títí kò fi ju àwọ̀ omi tí wọ́n fi fọ ẹran lọ.

"Ìpè ti parí," ni Ajúwe wí. "Orúkọ náà ti kúrò lára àwọn tí à ń retí."

Ìbíwùmí kò kígbe. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó sì sunkún, ó sunkún Eyínfúnjowó, ó sunkún ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn, ó sunkún gbogbo ọdún tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ sunkún nítorí pé ẹni tí à ń retí kò ṣeé sunkún fún. Morádékẹ́ di í mú léjìká, ó ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú." Kò ní kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Yàrá yìí ti di ti ìlú," ni Ajúwe wí, bí ẹni tí kò rí ohunkóhun. "Ṣé kí n dí ilẹ̀kùn inú?"

"Ẹ̀rọ yìí ò mà lójútì!" ni Morádékẹ́ wí. Síbẹ̀ ó yẹ kí ó dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wo ìyá náà.

Ìbíwùmí gbé orí sókè. Koríko lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. "Ọmọ inú àgọ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà létí ògiri?"

"Mo wà níbí, Ìyàwó wa," ni ohùn náà wí. Ó rọra sọ ọ́. Ó ti gbọ́ ohun gbogbo.

"Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo máa ń bá wọn gbẹ́ kànga lápá etí odò. Ilẹ̀ máa ń ṣú kí n tó délé. Àgọ́ ni mo fẹ́ wí, kì í ṣe ilé."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín ìtìjú kékeré kan ni wọ́n gbọ́.

"Màámi," ni Morádékẹ́ wí, "ẹ lè yan ẹni tó máa gbé yàrá ìlú, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ ilẹ̀kùn inú ni mi ò lè fi sílẹ̀. Ẹbí nìkan ni òfin gbà láyè kó máa gba inú pálọ̀ wọlé."

"Mo mọ òfin."

"Kí n wá la ilẹ̀kùn síta?"

"Ajúwe," ni Ìbíwùmí wí, kò wo Morádékẹ́, "bi ẹni tó ni yàrá léèrè orúkọ rẹ̀."

"Jáyéọlá Àkànní," ni ohùn àgọ́ wí. "Jáyéọlá Àkànní ni wọ́n sọ mí."

"Mo ti gbọ́," ni Ajúwe wí. "Orúkọ náà wà lára ti àwọn alààyè. Kí n lè kọ ọ́, onílé gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún."

Ìyá náà dìde dúró. Ó gbọn koríko kúrò lórúnkún, ó sì wo ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó ti bú òun.

"Èmi? Kí n pe orúkọ àbúrò ọkọ mi? Irú aya wo lo rò pé mo jẹ́?"

"Bí ẹ kò bá pè é, pílánù kò lè pé."

"Kó má pé! Mo ti pe ọ̀kan lónìí, ẹ rí ohun tó ṣe mí. Mi ò ní pe orúkọ ọkọ mi mọ́ láéláé. Eyínfúnjowó ni mo mọ̀ ọ́n sí."

Morádékẹ́ rántí Ìdíìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ti pè lórúkọ láyé rẹ̀ láìbìkítà, àwọn àjèjì, àwọn tí kò kàn án. Ó lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Jáyéọlá Àkànní, yàrá ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mo wá yẹ pílánù wò ni mo pè é, nítorí pé onílé kò lè pè é."

"Kí ni kí n kọ pé ó fà á tí kò fi lè pè é?"

"Kọ pé ẹbí ni."

Bóyá Ajúwe ń wá ibi tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ògiri yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí kò fi yàtọ̀ sí ti pálọ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn inú dúró síbi tó wà.

"Fèrèsé náà ṣì rẹlẹ̀," ó wí. "Ṣé kí n gbé e sókè?"

Ìbíwùmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí fèrèsé náà, ó ti yọrí sí àfonífojì, ó ń sọ fún ẹni tí kò tíì rí rí pé kó tètè gòkè wá kí oòrùn tó wọ̀, nítorí kò sí bí òun ṣe lè mọ irú oúnjẹ tí ọkọ òun ń jẹ bí kò bá sọ fún òun.